Ìbéèrè Yín: Rọ́nwéè Kúkúrú, Bàálù Ọ̀nà Jíjìn

Ìbéèrè (Kàbbà): Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé bàálù aládàáni kan lè gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù kó má balẹ̀ títí yóò fi dé Nàìjíríà. Bí wọ́n bá la rọ́nwéè (ọ̀nà tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀) tó jẹ́ mítà 1,500 sí ìtòsí wa, ṣé irú rẹ̀ lè balẹ̀ síbẹ̀, kó sì tún gbéra padà?

Ìdáhùn: Ó lè balẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ padà lọ ni wàhálà wà.

Apá bàálù tó ń sá eré tó súnmọ́ ti ohùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Irú apá bẹ́ẹ̀ kì í lè gbé bàálù dáadáa bí eré bá dínkù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so flap (abala tó ń tẹ̀ wálẹ̀) mọ́ etí ẹ̀yìn apá, tí àwọn mìíràn sì tún ń so slat (abala tó ń yọ síwájú) mọ́ etí iwájú. Bí slat bá yọ síwájú, atẹ́gùn á gba àlàfo tó ṣí kọjá, á lẹ̀ mọ́ orí apá, awakọ̀ á sì lè gbé imú bàálù sókè sí i láìjẹ́ pé apá kọ̀ láti gbé e. Nínú àwọn bàálù aládàáni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, Falcon 7X ní slat, Global 7500 náà ní in. Gulfstream G650 kò ní. Apá ńlá tí iwájú rẹ̀ dán ló gbẹ́kẹ̀ lé, irin tó ń rìn níbẹ̀ sì kéré. Fún rọ́nwéè kúkúrú, èyí tó ní slat la fara mọ́. Falcon 7X gba àṣẹ láti balẹ̀ sí London City, pápákọ̀ òfuurufú kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí rọ́nwéè rẹ̀ jẹ́ mítà 1,508 péré, tí bàálù sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní dígírì 5.5 dípò 3 tó wọ́pọ̀.

Ẹ wá wo epo. G650 tó kún wọn nǹkan bí kílò 45,000. Epo nìkan súnmọ́ 20,000 nínú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti jó púpọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tún rọ epo kún, ó ń fẹ́ bíi mítà 1,780 láti gbéra, torí pé ìṣirò náà ní láti gba ti ẹ́ńjìnnì tó bá kú lójijì. Kó rọ ìwọ̀nba epo, kó lọ kún un ní Àbújá.

Bí ó bá jẹ́ bàálù háyà, òfin tó wọ́pọ̀ ni pé kó lè dúró láàárín ìdá 60 nínú 100 rọ́nwéè: mítà 900 nínú 1,500. Bí òjò bá rọ̀, á di nǹkan bí 780. Bàálù tí ìwé rẹ̀ sọ pé mítà 800 ló ń fẹ́ yóò balẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Awakọ̀ tó bá sì fi ìdá 10 nínú 100 sáré jù, agbára tí bíréèkì ní láti pa á fi ìdá 21 lé.

Ìbéèrè (Ìsánlú): Ṣé oòrùn ọ̀sán wa ń dí i lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, gan-an. Dígírì 15 létí òkun ni ìwé bàálù fi ń ṣírò. Ní dígírì 35, atẹ́gùn fi bí ìdá 6 nínú 100 fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ wa sì tún ga ju etí òkun lọ. Agbára apá á dínkù, ti ẹ́ńjìnnì náà á dínkù. Kí wọ́n gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù.