Ẹ̀rọ ìgékoríko gé mi níka ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n má gba owó gbà-má-bìínú

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àlékún Àfáà wa. Ará mọ́sálásí wa kan ló ta ẹ̀rọ ìgékoríko fún mi, ó ní tuntun ni. Ibi tí mo ti ń fi ro ẹ̀yìnkùlé ni bíléèdì ẹ̀ ti já, ó fò bà mí lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gé ọmọ ìka kan kúrò ní ọsibítù. Ọmọ tó ń bá a tajà ló wá jẹ́wọ́ fún mi pé ẹnì kan ti dá ẹ̀rọ yẹn padà tẹ́lẹ̀, ọ̀gá òun ló gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n tún un tà. Ọ̀gá náà gbé owó díẹ̀ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí n sáìn pé mi ò ní bèèrè nǹkan kan mọ́. Mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ dé mọ́sálásí, àfáà ọ̀dọ́ kan ní kádàrá ni, ó ka hadiisi pé ohun tí kò ní làákàyè tó bá ṣeni léṣe kò ní gbèsè. Ẹlòmíì ní tí mo bá lọ kóòtù ìjọba, mo ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà o, mi ò purọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa àlékúmù sàláàm wa ràhmátúláì. Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ ìyá mi, Ọlọ́hun á fi ìrora yẹn pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ fún yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀sìn gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì sáìn ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ kádàrá tí wọ́n ń sọ káàkiri yìí, ó ti sú mi í gbọ́. Òótọ́ ni pé kò sí àdánwò tó dé bá ẹ̀dá tí Ọlọ́hun ò ti kọ sílẹ̀, ó wà nínú Súúrà Hadiid. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà ló sọ nínú Súúrà Nisaa'i pé ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, kó san dìyà, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀, fún ẹbí òkú, àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda ẹ̀. Ṣé ikú yẹn ò sí nínú kádàrá ni? Tó bá jẹ́ pé kádàrá máa ń pa gbèsè rẹ́, dìyà ò bá má sí nínú ẹ̀sìn rárá. Ẹ gba kádàrá Ọlọ́hun pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ ẹni tó jẹ yín, méjèèjì ò ta ko ara wọn.

Hadiisi tó kà ńkọ́? Ojúlówó ni, Imam Bukhari àti Imam Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira tó jẹ́ sàábé Ànábì, pé ọgbẹ́ tí ẹranko bá dá síni lára kò ní gbèsè, kànga kò ní, ibi ìwakùsà náà kò ní. Ohun tó dùn mí ni pé ó kà á kò sì bèèrè àlàyé ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Imam Malik làwọn bàbá wa bá lọ nílẹ̀ yìí, Imam Malik fúnra ẹ̀ sì mú hadiisi yìí gan-an wá nínú ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Muwatta, kò tíì kúrò lórí ẹ̀ tó fi sọ pé ẹni tó ń fa ẹranko, ẹni tó ń dà á, ẹni tó gùn ún, gbogbo wọn ló máa dáhùn fún ohun tó bá bà jẹ́, àfi tó bá ṣàdédé tapá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan sí i. Umar (Ọlọ́hun yọ́nú sí i) dá ẹjọ́ dìyà lé ẹni tó ń fi ẹṣin sáré. Kànga náà, Imam Malik ní ẹni tó bá gbẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí níbi tí kò lẹ́tọ̀ọ́, yóò san ohun tó bá tibẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ẹ síbi tó lẹ́tọ̀ọ́ ni gbèsè ò sí lọ́rùn ẹ̀. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe torí pé nǹkan ò ní làákàyè ni gbèsè fi ń fò lọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọwọ́ ọmọ èèyàn kọjá ààlà nínú ẹ̀. Irin tí wọ́n jó pọ̀ tí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, tí wọ́n pè é ní tuntun, ọwọ́ ta ló wà ńbẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún àfáà ọ̀dọ́ yẹn kó lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù ú lọ nínú ìmọ̀ kó tó máa dájọ́ lórí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín dá lé gan-an ni pé olùtajà mọ̀. Tí kò bá mọ̀, tó jẹ́ pé inú páálí ilé iṣẹ́ ló ti yọ ọ́, ọ̀tọ̀ ni ìdájọ́ ẹ̀, ẹ máa dá ọjà padà kí ẹ gbowó yín, ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ á wá kọjú sí ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àléébù tó bò ó mọ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ Maliki ní tí ọjà náà bá ṣègbé láti ara àléébù yẹn, ọrùn olùtajà ló wà. Ànábì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ lọ́jà, ó kan omi nísàlẹ̀, ó ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Oúnjẹ tútù lásán nìyẹn o, kò gé ẹnikẹ́ni.

Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ sáìn yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ọkùnrin kan fi ìwo gún ẹnì kejì lórúnkún láyé Ànábì, ẹni tí wọ́n gún ní kí wọ́n bá òun gbẹ̀san, Ànábì ní ó dìgbà tí ọgbẹ́ ẹ̀ bá jinná. Ó tún padà wá, ó ní àfi kí wọ́n ṣe é, wọ́n bá ṣe é fún un. Nígbà tó yá ló tún dé, ó ní òun ti ń tiro. Ànábì ní òun ti kọ̀ fún un, kò gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni gbẹ̀san ọgbẹ́ kí ọgbẹ́ náà tó jinná. Ahmad àti Daraqutni, àwọn onímọ̀ hadiisi, ló gbà á wá. Nínú Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn ní ọ̀nà Imam Malik tí gbogbo ọmọ kéwú wa ń kà náà, ó wà ńbẹ̀ pé wọn kì í san owó ọgbẹ́ àfi lẹ́yìn tó bá ti jinná. Ẹni tó gbé bírò bá èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì, kí dókítà tó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yẹn á ṣeé fi rìn dáadáa, kó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Owó tó gbé wá, tó bá jẹ́ fún ìtọ́jú, ẹ gbà á, kí ẹ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ nínú ohun tó máa san.

Ní ti iye, ràkúnmí 10 ni Ànábì fi sí ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, tọwọ́ tẹsẹ̀ dọ́gba, nínú 100 tó jẹ́ dìyà odidi èèyàn. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má pe ìka yín ní nǹkan kékeré. Bí wọ́n ṣe máa ṣírò ẹ̀ lówó òde òní, ẹ gbé e fún àwọn àgbà onímọ̀ tó lè pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Ti sálúbàtà, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, kò pa ẹ̀tàn olùtajà rẹ́. Ẹ má fi náírà kan lé owó ọsibítù o, torí Ànábì ní ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá dùn ju ti ẹnì kejì lọ tí òun wá dá a láre lórí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, iná ni òun gé fún un.

Tó bá kọ̀ tí kò dá àwọn àgbà lóhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà láyè láti fẹjọ́ sùn lórí ọjà tó ní àléébù, kóòtù náà sì wà. Ẹni tó ní ẹ ti kúrò nínú ẹ̀sìn, kò mọ ìtàn àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Hilful Fuduul ni: kèfèrí làwọn ará Mẹ́kà tó péjọ sílé Abdullah ọmọ Jud'an láti gba ẹ̀tọ́ àjèjì tí wọ́n rẹ́ jẹ padà fún un, Ànábì wà ńbẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó sì sọ lẹ́yìn tí Islam dé pé tí wọ́n bá tún pe òun sí irú ẹ̀, òun á jẹ́ ẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forí jì í, láàdá yín wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, Súúrà Shuura sọ ọ́. Ọwọ́ yín nìyẹn wà, kò sí lọ́wọ́ mọ́sálásí, kò sí lọ́wọ́ àfáà kankan. Àmọ́ ìdáríjì yín ò kan àwọn ẹ̀rọ yòókù tí wọ́n jó pọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀: kó kó wọn kúrò nílẹ̀, kó sì wá àwọn tó ti tà á fún kí wọ́n má fi gé koríko mọ́.

Wallaahu a'lam.