Báwo Ni Mo Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Tí Ìmọ̀ Wọn Kò Dọ́gba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ọmọ 15 ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù gbígbá, ọjọ́ orí wọn wà láàárín 14 sí 16. Àwọn kan ti já fáfá, àwọn mìíràn ò tíì lè gba bọ́ọ̀lù dúró. Tí ìdánrawò bá rọrùn, ó máa ń sú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá. Tó bá le, àwọn yòókù á kàn dúró máa wòran. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá wọn o. Ẹ má ya àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójoojúmọ́ á gbà pé ibẹ̀ ni òun máa parí sí. Eré kan náà ni kí gbogbo wọn ṣe. Òfin rẹ̀ ni kí ẹ máa yí fún oníkálukú.

Fún mímú ara gbóná, FIFA 11+ dára, ìyẹn ètò ìmúragbóná tí FIFA, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ṣe fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni, apá kejì rẹ̀ sì ní ìpele mẹ́ta, kálukú lè ṣe ibi tí agbára rẹ̀ dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ di kókó kan ṣoṣo mú. Ká ní gbígba bọ́ọ̀lù àti fífún ẹlòmíràn ni. Ẹ fi kóònù sàmì sí àyè onígun mẹ́rin, mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ mẹ́rin dúró sí etí rẹ̀, kí ẹnì kan máa lé bọ́ọ̀lù láàárín. Ẹ da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó já fáfá kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè kàn án iye ìgbà tó bá fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí rèé: ẹ má wo bọ́ọ̀lù, ọrùn àwọn ọmọ ni kí ẹ máa wò. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n á tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù títí á fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó máa fún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, á ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì fi inú ẹsẹ̀ tó jìnnà sí bọ́ọ̀lù gbà á. Ẹ sọ èyí nìkan fún ọmọ náà, ẹ fi hàn án, kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àsọjù ló máa ń dà wọ́n lórí rú.

Bí páàsì méje nínú mẹ́wàá bá ń dé ibi tó yẹ, ẹ mú un le sí i: ẹ dín àyè kù sí mítà 8, tàbí kí ẹnì kan sí i wọ àárín, kó di mẹ́ta sí méjì. Bí kò bá tó ìdajì, ẹ fẹ àyè sí mítà 12. Ẹyọ nǹkan kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ba eré jẹ́.

Eré gidi ló kàn, ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Pápá kékeré méjì ni: mẹ́rin sí mẹ́rin ní ọ̀kan, mẹ́ta sí mẹ́ta ní ìkejì, kí ọmọ keje máa bá ẹgbẹ́ yòówù tó ní bọ́ọ̀lù gbá. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n jù síbẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni mo máa ń fi síbẹ̀, torí bọ́ọ̀lù á máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ léraléra, kò sì ní máa sá tẹ̀lé alátakò. Ẹ kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá a dé sílẹ̀, kí ìdánrawò tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.