Ṣé ó dìgbà tí oyún bá dúró kí n tó tọ́jú ara?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kubwa l'Ábújá ni mo ń gbé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, a sì ti ń retí ọmọ. Màmá ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, pé tí mo bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́sibítù wọ́n á fún mi lóògùn. Láàárọ̀ mi ò jẹ ju tíì àti búrẹ́dì lọ, lọ́sàn-án fúrà dà nónò, alẹ́ la máa ń jẹun gidi. Ṣé kí n dúró? – Ìyàwó Tuntun

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú oríire o. Ire ni Màmá ń fẹ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, lórí eléyìí má dúró. Ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń jáde máa ń pa ojú dé láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún bá dúró, ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ rárá, wọ́n á ní nǹkan oṣù ló kàn pẹ́, tí kò bá wá padé dáadáa wọ́n lè bí ọmọ tí ẹ̀yìn ẹ̀ là sílẹ̀. Folic acid, ìyẹn fítámì kan, ló ń dín ewu yẹn kù, torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kó ti wà lára ẹ ṣáájú: 400 microgram lójúmọ́, láti ìsinsìnyí títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Bi wọ́n ní kẹ́míìsì bóyá 400 microgram ni kí o tó sanwó o, torí 5mg (ìyẹn 5,000 microgram) pọ̀ níta, ìyẹn sì wà fún àwọn tí dókítà bá kọ ọ́ fún, bí ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí tàbí tó ń lo oògùn wárápá.

Oúnjẹ ńkọ́? Zógálè, ìyẹn ewé mọ̀ríńgà, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fi kúlíkúlí, àlùbọ́sà àti òróró pò, tí àwọn obìnrin ń tà ládùúgbò yín, ó dáa gan-an, fi ẹyin tó jinná tì í, fi ẹ̀wà náà kún un. Tíì, má mu ún mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ara rí iron tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ gbà, ọsàn ni kí o jẹ lé e. Fúrà ò burú, nónò tí wọn ò sè ló ń bà mí lẹ́rù, kòkòrò inú wàrà tútù lè ba oyún jẹ́, wàrà tó ti hó dáadáa ni kí o máa lò.

Tí èébì bá wá bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ńzù, amọ̀ tí àwọn aboyún máa ń jẹ, fún ẹ, òjé (lead) tó jẹ́ májèlé máa ń wà nínú ẹ̀. Tí o ò bá sì ti rí nǹkan oṣù, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, kí o forúkọ sílẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12.