Ẹ jẹ́ kó yan Austen

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, mú òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ méjì, kó fi wọ́n wéra, kó sì sọ èyí tó fẹ́ràn jù níwájú kíláàsì. Jane Austen àti Charles Dickens ló mú, Austen ló sì fẹ́ yàn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ta-ni-yóò-fẹ́-ta lásán ni ti Austen. Dickens ni wọ́n fi kọ́ wa nílé, òun ló mọ ìyà. Ṣé kí n fi dandan lé e ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Èmi ìyá kan ní Birmingham.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yan Austen.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ ta-ni-yóò-fẹ́-ta ni. Ẹ tún Pride and Prejudice kà, ìwé Austen tó jáde ní 1813, ẹ ó rí i pé owó ló kún inú rẹ̀. Bàbá kan bí ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn obìnrin. Bó bá kú, ilé àti ilẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ìbátan ọkùnrin kan tí wọn ò rí rí. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìbátan bẹ́ẹ̀? Darcy, ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan nínú ìwé náà, wọ ibi ijó, kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá páùn ló ń wọlé fún un lọ́dún. Òde ìnáwó wa gan-an nìyẹn. Ìyá àwọn ọmọ wá rí i pé òjò ń ṣú. Wọ́n pe àkọ́bí rẹ̀ sílé ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ń wò fún un, ìyá kò jẹ́ kó gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó ní kó gun ẹṣin lọ, torí bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ló máa sùn. Òjò pa ọmọ, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ síbẹ̀, inú ìyá ń dùn nílé. Mo rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ obìnrin yẹn dáadáa.

Ti Dickens ni mo fẹ́ bá yín sọ ní tòótọ́. Ọmọ ọdún 12 ni ní 1824 nígbà tí wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí gbèsè. Wọ́n ti mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pọ́líìṣì bàtà. Á fi bébà bo ẹnu ìkòkò pọ́líìṣì, á fi okùn dì í, á lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn. Ṣílè mẹ́fà lọ́sẹ̀. Nígbà tí bàbá jáde lẹ́wọ̀n, tó wá bá àwọn tó ni iṣẹ́ náà jà, tó mú ọmọ kúrò, ìyá ló lọ parí ìjà, tó fẹ́ kó padà. Dickens kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà pé òun ò gbàgbé, òun ò sì lè gbàgbé láé. Kò sọ ọ́ síta o. John Forster ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún, ayé ò sì gbọ́ títí ó fi kú ní 1870.

Èmi ń ta èlùbọ́, gaàrí àti ata gígún nínú kíṣìnnì wa ní Manchester. Èmi á máa wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, ọmọ mi ọkùnrin á máa lẹ lébẹ̀lì. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló le jù, nítorí àwọn oníbàárà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ á lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, lébẹ̀lì ò ní fẹ́ mú, á fi ọwọ́ nu ṣòkòtò, á tún un lẹ̀. Nígbà tí ìdánwò ń bọ̀, bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó sinmi. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà Kérésì dé, mo pè é padà.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n fún un ní irú iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ yín. Mo bá a lórí tábìlì, ojú-ewé mẹ́ta. Dickens ló yàn. Kò dárúkọ mi. Ó kàn kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé Austen mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀, àmọ́ Dickens mọ bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ mọ́ èèyàn níka. Mo kà á tán, mo tò ó padà bí mo ṣe bá a, mo lọ dáná.

N kò bi í títí di òní. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó máa ń pè lọ́jọ́ Sunday, ó máa ń béèrè orúnkún mi.

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ta ni kò kiri nínú wa? Mo kiri àkàrà ní Ìbàdàn kí n tó lọ síléèwé, kò sẹ́ni tó pè é ní ìyà. Lébẹ̀lì yẹn ló ra kọ̀ǹpútà tó fi tẹ ojú-ewé mẹ́ta náà! Àmọ́ nígbà tí mò ń kiri, mo mọ ohun tí mò ń polówó, mo tún ń fi kọrin. Ọmọ mi lẹ ÈLÙBỌ́ mọ́ ọ̀rá fún ọdún mẹ́rin, tòun ti àmì orí rẹ̀, kò lè kà á. Olùkọ́ kan ló ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa sọ nílé, mo sì gbọ́ tirẹ̀. A ò ka Fágúnwà fún un lálẹ́ ọjọ́ kan. Iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe, a kì í sọ̀rọ̀.

Ti iṣẹ́ ọmọ yín: kó má kó ìwé jọ. Kó mú owó nìkan. Kó fi Darcy ti Micawber inú David Copperfield, ìwé Dickens, ẹni tó ní bí ogún páùn bá ń wọlé fún èèyàn lọ́dún, tó fi sísì kan péré ná kọjá rẹ̀, òṣì dé. Olùkọ́ á fẹ́ràn ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Austen kéré, ojú rẹ̀ ló wà lára owó bébà tẹ́ń páùn láti 2017. Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ, èdè tí ẹ máa fi bá a múra rẹ̀ sílẹ̀ ni, àmọ́ ta ni èmi tí màá sọ ìyẹn.

Èmi náà, Austen ni mo fẹ́ràn jù. Ó fi ìyá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ ó jẹ́ kó rí ọmọ mẹ́ta fà fọ́kọ. Bóyá ìwé ni mo fi yàn án, bóyá ẹ̀rù ni.

Kérésì tó kọjá, ọmọ mi ṣí dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì, ó bá róòlù lébẹ̀lì kan tó ṣẹ́kù. Ó fi èékánná ṣí etí ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ṣì mú. Ó dá a padà, ó ti dúrọ́ọ̀, ó ní, "Mọ́mì, kí la fẹ́ jẹ?"