Èsì: Igbó Bako àti àjọ̀dún orin ní Sarawak

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ mẹ́rin tó láti rin igbó kí ẹ sì tún lọ sí àjọ̀dún orin tí wọ́n ń pè ní Rainforest World Music Festival ní Sarawak, Malaysia. Ó tó dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí igbó ṣáájú orin. Ẹni tó jó mọ́jú ò ní lè rìn dáadáa láàárọ̀.

Kuching, olú ìlú Sarawak, ni kí ẹ dé sí. Nínú àwọn igbó ibẹ̀, Bako, ọgbà igbó ìjọba tó wà létí òkun, ni mo fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn wọ ibẹ̀, bí omi òkun bá sì ti fà jù, ọkọ̀ ò ní gbéra, nítorí náà ẹ tètè jáde. Tí ààyè bá wà, ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú: nírọ̀lẹ́ lẹ máa rí àwọn ọ̀bọ onímú gbọọrọ tí wọ́n ń jáwé jẹ létí òkun, tí imú wọn á máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Ẹ ṣọ́ oúnjẹ yín o, àwọn ọ̀bọ kéékèèké tó kù ń jí i gbé.

Ẹsẹ̀ òkè Santubong ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún náà. Òkè yẹn ga tó 810 mítà, okùn àti àkàsọ̀ ni wọ́n fi ń gun apá òkè rẹ̀. Ẹ má gùn ún lọ́jọ́ orin. Ẹ tètè dé lọ́sàn-án, ìgbà yẹn lẹ máa rí àwọn olórin ní tòsí. Kí ẹ sì mú ẹ̀wù òjò dání.