Ìdí tí mítà àti ìṣirò fi ń ta ko ara wọn lórí gílóòbù kan náà

Ẹ ṣàlàyé pé gílóòbù fóólìtì 12 tí ẹ ń lò ń fa áńpíà 1.75 nígbà tó bá ń tàn, pé ẹ fi áńpíà pín fóólìtì, ẹ sì rí ómù 6.86, àmọ́ nígbà tí ẹ tú gílóòbù náà tí ẹ fi mítà wọn ìdènà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, èyí tí a ń fi ómù kà, ómù 0.9 péré ni ẹ rí. Ẹ wá ń béèrè èyí tó ń purọ́ nínú méjèèjì. Kò sí èyí tó ń purọ́. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun gan-an ló mú kí n ju mítà tí kò ṣẹ̀ mí nù, tí mo ra òmíràn, tí èyí tí mo rà náà sì sọ ohun kan náà fún mi.

Ìṣirò yín tọ́. Láti ọdún 1827 ni Georg Ohm, ará Jámánì, ti tẹ òfin náà jáde sínú ìwé: ẹ mú iye fóólìtì tó wà láàárín ẹnu méjèèjì ohun èlò kan, ẹ fi iye áńpíà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá pín in, ìdènà rẹ̀ ní ómù ni ẹ ó rí. Ti wáátì, ìyẹn agbára iná tí gílóòbù ń lò, tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé fóólìtì ni a ó sọ di ìlọ́po áńpíà: 12 lọ́nà 1.75 jẹ́ wáátì 21, ẹ sì lè wo ìdí gílóòbù náà bóyá iye yìí ni wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni pé ìdènà okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú gílóòbù kì í dúró sójú kan. Irin kan tó ń jẹ́ tungsten ni wọ́n fi ṣe é, bí tungsten bá sì ṣe ń gbóná sí i ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí gílóòbù bá tàn dáadáa, ooru okùn náà ti kọjá 2000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdènà rẹ̀ á sì ti tó ìlọ́po mẹ́wàá iye tó jẹ́ nígbà tó tutù, tàbí kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà yín wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù. Ìṣirò yín wọ̀n ọ́n nígbà tó ń jó.

Ẹ tún ṣe ohun kékeré kan kí ẹ tó gba 0.9 yẹn gbọ́. Ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì tó wà lára mítà kan ara wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa, kí ẹ wo ohun tó máa kọ. Tèmi kọ 0.3. Ìdènà wáyà mítà fúnra rẹ̀ nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Bí tiyín náà bá jẹ́ 0.3, a jẹ́ pé ómù 0.6 ni gílóòbù yín ní nígbà tó tutù.

Àṣìṣe tó dùn mí jù lọ kọ́ ni ti mítà tí mo jù nù. Lẹ́yìn tí mo ti gbà pé 6.86 tọ̀nà, mo wá resistor, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n ṣe láti máa dí iná lọ́wọ́, tó jẹ́ ómù 6.8 tó sì kéré bí ìrẹsì, mo sì so ó mọ́ bátìrì náà pé kó dúró nípò gílóòbù. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ti rú èéfín, àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò mi di òní. Ómù ni mo ṣírò, n kò ṣírò wáátì. Fóólìtì 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, tí a bá fi 6.8 pín in, ó lé díẹ̀ ní wáátì 21, bẹ́ẹ̀ wáátì 0.25 ni resistor yẹn lè gbà. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ohunkóhun sójú iná láìjẹ́ pé mo ti kọ wáátì rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ní ti wíwọ̀n, ẹnu gílóòbù gan-an ni kí ẹ ti wọn fóólìtì, nígbà tó ń tàn lọ́wọ́. Bátìrì mi ń kọ 12.6 nígbà tí kò gbé nǹkan kan, ṣùgbọ́n 11.8 ló ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù torí wáyà mi tín-ínrín. Áńpíà ní tirẹ̀, ẹ já ojú ọ̀nà iná kí ẹ fi mítà sí àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹnu méjèèjì bátìrì láéláé nígbà tó bá wà lórí áńpíà. Bí fíúsì mítà mi ṣe lọ nìyẹn. Bí ó bá sì kọ 1750 ní mìlíáńpíà, ẹ fi 1000 pín in kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gílóòbù kékeré yín á di wáátì 21,000 lórí ìwé.

Nítorí náà, ómù 6.86 ni kí ẹ lò fún wáátì àti fún iye iná tí bátìrì yín máa lò láàárín wákàtí kan. Ẹ má sì sọ 0.6 nù: tí a bá fi pín 12, áńpíà 20 ni, ìṣàn iná sì máa ń sún mọ́ iye yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan gílóòbù náà. Òun ni kí ẹ rò mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá ń yan súìṣì.