Kí ló ń jò lábẹ́ Camry àtijọ́ mi?

Ẹ ní ohun kan ń kán sílẹ̀ lábẹ́ Camry 1999 yín l'Ákùúrẹ́ láràárọ̀, mẹkáníìkì méjì sì sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fi bírò sàmì síbi tí táyà iwájú wà.

Tó bá mọ́ gaara, tí kò rùn, tẹ́ ẹ sì lo AC lálẹ́, omi AC ni, kò séwu. Dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Aláwọ̀ ewé tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rùn bí nǹkan dídùn, coolant nìyẹn, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Májèlé ni, ẹ má jẹ́ kí ajá lá a, ẹ má sì ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná.

Pupa ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ́ìlì gíà pupa, ti páwà (èyí tó ń mú kí sitíárì rọrùn láti yí) náà lè pupa. Tèmi, wọ́n fẹ́ sọ gíà kalẹ̀. Rọ́bà páwà ló là! Ẹ fọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ wà á díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tó ga jù lọ tí ọ́ìlì wà: ibẹ̀ ló ti ń jò.

Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó ń yọ̀, tó pọ́n díẹ̀ bí òróró, ó lè jẹ́ ti bíréèkì. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde rárá, ká má tiẹ̀ sọ lọ Ìdànrè o. Ẹ pe mẹkáníìkì wá sílé.